Ẹsẹ Tó Kan Àgbà

Ẹsẹ̀ méjì ni Morọ́láolúwa kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ gígùn ni, ó wọ sálúbàtà lé ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, ìkejì aláwọ̀ eérú, wọ́n yọ síta lábẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì nínú ṣọ́ọ̀bù Jamilah ní Samaru, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti gbé e mì kù díẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku ti bo gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá, ètè gbogbo ènìyàn ti fún, kò sì sẹ́ni tó wá síbẹ̀ láti wá rẹ́rìn-ín.

Morọ́lá yíjú sí Jamilah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ogójì ẹ̀dà ìwé tí mo fi sílẹ̀ lánàá dà?"

Jamilah fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹsẹ̀ méjì náà. "Ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. Bi ẹni tó wà nísàlẹ̀."

Ká tó wí ká tó fọ̀, ohùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń he ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. "Ọ̀dọ́... oòrùn wà... lórí rẹ gangan. O ru òkè... o ní... kò wúwo." Ohùn náà dákẹ́. "Ẹ̀yin ará ibí, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ yìí? Ibi tó ti ru òkè ni ìwé ti fàya."

Ọkùnrin náà wọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Tónà, yíǹkì ẹ̀rọ náà, ti kun imú rẹ̀ dúdú, ó ti kun etí rẹ̀ kan, ó sì mú ìdajì bébà lọ́wọ́ bí ẹni mú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹlòmíràn ti wọlé, ó sáré dìde, orí rẹ̀ sì gbá tábìlì. Morọ́lá kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu òun.

"Ẹ máa rín, Àǹtí," ọkùnrin náà wí, ó ń fọwọ́ ra orí. "Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ṣe nítorí yín. Ẹ ṣáà sọ fún mi, lẹ́yìn tó ru òkè tán ńkọ́?"

"Ó dàgbà."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ẹ wá sí kíláàsì wa lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ìyókù."

"Jamilah ní kíláàsì àwọn ọmọdé ni."

"Ẹni tó ń kàwé bí ọmọdé," Morọ́lá wí, "kíláàsì wo ló tún ń wá?"

Jamilah pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ funfun nínú tónà. Dọ̀tun Oyèládé lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, Zaria ni wọ́n bí i sí, Tudun Wada ló gbé dàgbà láàárín àwọn Hausa, bàbá rẹ̀ kì í sì í gbélé tó láti kọ́ ọ ní Yorùbá tó jinlẹ̀. Tó bá ń bínú, Hausa ló fi ń bínú. Tó bá ń lálàá, Hausa náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíláàsì yìí díẹ̀, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bàbá Morọ́lá, Tíṣà Ìpàdéọlá, ló dá a sílẹ̀ ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sabon Gari, nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Zaria ń kí àgbà ní "ina kwana" bíi Hausa, tí wọn ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí orúnkún kan ilẹ̀. Nígbà tí orúnkún ti bàbá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó gbé ṣọ́ọ̀kì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ewì àtijọ́ kan wà tí wọn kì í yọ sílẹ̀ níbẹ̀, ewì nípa ìgbà ayé ènìyàn. Kò gùn:

Ọmọ tuntun, ìrì òwúrọ̀,
O dé, ojú ilẹ̀ tutù.

Ọmọdé, ẹsẹ̀ rẹ kì í gbélẹ̀,
O ń sáré, ta ló ń lé ọ?

Ọ̀dọ́, oòrùn wà lórí rẹ gangan,
O ru òkè, o ní kò wúwo.

Àgbà, òjìji rẹ ti gùn,
Ilẹ̀ ń ṣú, mú ọ̀pá rẹ, ó yá.

Ojú pátákó ni bàbá fi ń kọ́ wọn ní tirẹ̀. Morọ́lá ló fi ọgbọ́n tuntun kún un. Ó ní ewì tí kò bá wo ojú ènìyàn, òkú ọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ké e gbọ́dọ̀ wá ẹni tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bá mu, kó kọjú sí i, kó sì nawọ́ sí i. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn eré òṣùpá. Nígbà tí wọ́n bá dé orí àgbà, àwòrán bàbá arúgbó kan tó wà lára ògiri ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Àwòrán kì í bínú.

Nígbà tí Sátidé dé, Dọ̀tun wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, àwọn ọmọ náà sì ń fi ìgúnpá gún ara wọn.

"Ọmọ tuntun kì í ṣe ìrì," Morọ́lá wí níwájú. "Kí ló dé tí akéwì fi pè é ní ìrì òwúrọ̀?"

Ọwọ́ Dọ̀tun ló kọ́kọ́ lọ sókè. "Torí pé tẹ́ ẹ bá gbé e mọ́ra, aṣọ yín á tutù."

Kíláàsì tú. Morọ́lá gbìyànjú láti le ojú, ojú kọ̀, kò le. "Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ là ń pe ìyẹn," ó wí nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Akéwì kò sọ pé ó dà bí ìrì, ó ní ìrì ni. Ó ń mú òwúrọ̀ tutù wá, kì í sì í pẹ́ kó tó kúrò bẹ́ẹ̀. 'Ta ló ń lé ọ' ńkọ́?"

"Ìbéèrè ni."

"Ìbéèrè pèsìjẹ ni. Ẹni tó bi í kò retí ìdáhùn."

"Bí ìgbà tí ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bá bi mí pé ṣé orí mi pé."

"Gẹ́lẹ́," Morọ́lá dáhùn, "ó sì dá mi lójú pé wọ́n bi yín dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Dọ̀tun kò fo Sátidé kankan. Nígbà tó bá kàn án láti ké ewì, tó sì dé orí ọ̀dọ́, kì í wo ẹlòmíràn àfi tíṣà rẹ̀. Ní Sátidé karùn-ún, ojú tó fi wò ó pẹ́ débi pé ọmọbìnrin kékeré kan sọ fún ìkejì rẹ̀ ní Hausa pé Bọ̀dá ti gbàgbé ìyókù. Kò gbàgbé o. Ó mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn kíláàsì, wọn a rìn lọ sí àdúgbò PZ, wọn a ra máásà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, wọn a jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Dọ̀tun a máa bi í ní orúkọ ohun gbogbo ní Yorùbá. Òun náà a máa sọ bó ṣe fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí wọn a ti máa tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe fún gbogbo Samaru. Ibẹ̀ ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà pàtó.

"Morọ́lá," ó wí lọ́jọ́ kan, "tí mi ò bá rí ọ láti Sátidé dé Sátidé, ọdún kan ló máa ń jẹ́ lójú mi."

"Àsọdùn nìyẹn."

"Mo kà á. Ọdún kan gbáko ni."

"Onírọ́."

"Ó dáa, oṣù mẹ́wàá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Tíṣà mi. Èyí ò ní ọnà èdè kankan nínú. Bó ṣe rí nìyẹn."

Morọ́lá wo máásà ọwọ́ rẹ̀, ó wo títì, ó wo ibi gbogbo tán kó tó wo ojú ọkùnrin náà. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó wí. Ó fẹ́ kí ọkàn òun máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kò gbọ́.

Ìfẹ́ dùn, ṣùgbọ́n ilé bàbá ni wọ́n ti ń fi ọmọ fúnni. Tíṣà Ìpàdéọlá máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù kejì ọdún tuntun, wọ́n sì ti pinnu láti ṣe àdúrà ìdúpẹ́ ráńpẹ́ ní pálọ̀. Morọ́lá ní ọjọ́ náà gan-an ló dáa kí Dọ̀tun wá fojú han bàbá òun. Dọ̀tun bi í pé ẹ̀bùn wo ni òun máa mú wá.

"Ké ewì náà fún un," Morọ́lá wí. "Kò sí ohun tó máa dùn mọ́ bàbá mi nínú tó kí ọmọ tí wọ́n bí sí Zaria dúró níwájú rẹ̀, kó ké ewì rẹ̀ láìwo ìwé."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi múra sílẹ̀. Wọ́n tún ohùn ṣe, wọ́n tún ìdúró ṣe, wọ́n tún ọwọ́ nínà ṣe. Àwọn ọlọ́gbọ́n méjì! Kò sí èyí tó dá dúró kó bi ara rẹ̀ pé, ẹsẹ ìkẹyìn ńkọ́? Ọmọ Zaria ni àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ ohun tí Yorùbá ń sọ, wọn ò tíì mọ ohun tí Yorùbá kì í sọ lójú ẹni.

Ọjọ́ pé. Pálọ̀ kún fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti aládùúgbò. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, Dọ̀tun jáde nínú bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tí kò sí kíká lára rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kọjú sí ọmọ jòjòló kan lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ké ẹsẹ kìn-ín-ní. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó kọjú sí ọmọdé kan tó ń jẹ bisikíìtì, ó ké ẹsẹ kejì. Ó kọjú sí Morọ́lá, ó ké ẹ̀kẹta, àwọn ìyá ìjọ sì wo ara wọn, wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tíṣà Ìpàdéọlá ti ń mi orí sí i, ẹnu rẹ̀ ń bá a ké e.

Dọ̀tun wá rìn lọ síwájú bàbá. Ó dúró ṣinṣin, ó na ọwọ́ sí i, ó sì fi gbogbo agbára ohùn rẹ̀ wí pé:

"Àgbà, òjìji rẹ ti gùn,
Ilẹ̀ ń ṣú, mú ọ̀pá rẹ, ó yá."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ìyá àgbàlagbà kan wí láti igun yàrá, ó sì ta ìka rẹ̀ kúrò lórí. Ẹ̀rín ti gbẹ lójú bàbá. Ó wo ọwọ́ tó nà sí i, ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Ìgbà yẹn ni ohun tí wọ́n ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Morọ́lá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá pè é. "Lọ́jọ́ tí mo pé àádọ́rin ọdún," ó wí, "ọmọkùnrin kan wọ ilé mi, ó nawọ́ sí mi lójú, ó ní ó yá, kí n máa lọ. Ìyá rẹ ní òun lo fẹ́ fẹ́."

"Bàbá, kò mọ̀—"

"Ewì náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ nínà yẹn, ta ló kọ́ ọ?"

Ibí ni gbogbo rẹ̀ wà. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Morọ́lá sọ. Ẹ̀rù bà á. Bàbá tó gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé òun ni òun sọ ọ́ di èpè? Ó dákẹ́.

"Mi ò ní fi ọmọ mi fún aláìlẹ́kọ̀ọ́," bàbá wí. "Ó parí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Morọ́lá fi ń jẹun bí ẹni jẹ iyanrìn. Ìyá rẹ̀ bá a nínú ilé ìdáná. "Bàbá rẹ kì í ṣe ìkà," ó wí. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ti kú láàárín ọdún kan, kì í sì í sọ ọ́. Ká tiẹ̀ ní ọmọ yẹn ké e fún ògiri, ó máa dùn ún."

Dọ̀tun ní tirẹ̀, nígbà tí Morọ́lá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù Jamilah, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo rò pé mo ń yẹ́ wọn sí ni," ó wí. Kò bi Morọ́lá pé kí ló dé tí kò fi jẹ́wọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Morọ́lá jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Dọ̀tun dé sí ẹnu ọ̀nà wọn. Kò mú alágbàwí wá, kò mú ẹ̀bùn dání. Morọ́lá wà nílé ìdáná, ó ń da kúnú sí ife, ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti pálọ̀.

"Bàbá, mo ṣìwà hù," Dọ̀tun ń wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Mi ò wá ṣàwáwí. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ mi ní ewì náà bó ṣe yẹ."

Ẹni tó ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, tí wọ́n bá ní kó wá kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ó di dandan kí nǹkan ta nínú rẹ̀. "Jókòó," ó wí. "Ta ni akéwì ń bá wí nínú ẹsẹ ìkẹyìn?"

"Àgbà, sà."

"Àgbà wo?"

Dọ̀tun ronú. "Mi ò mọ̀, sà."

"Ó dáa tó ò mọ̀, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó kọ́ mi ní ewì yìí ní ara akéwì fúnra rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti darúgbó nígbà tó kọ ọ́. Ìdí tó fi ń sọ 'o', tó ń sọ 'rẹ' nìyẹn. Ènìyàn lè sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Tó o bá débẹ̀, àyà ara rẹ ni kó o gbọ́wọ́ lé." Ó wo ojú Dọ̀tun. "Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n máa nawọ́ sí ènìyàn. Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni mo dá a ṣe, sà," Dọ̀tun wí.

Morọ́lá gbọ́ ọ. Ó gbé ife kúnú sílẹ̀, ó kọjá sí pálọ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níwájú bàbá rẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo kọ́ gbogbo kíláàsì bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo ní kó wá ké e fún yín. Ẹ bi mí, mo dákẹ́, ojú ló tì mí. Tẹ́ ẹ bá máa bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí." Omi ti dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Tíṣà Ìpàdéọlá wo ọmọ rẹ̀ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí mo kọ́ ọ ní ewì yìí. Mo ṣàlàyé ìrì fún yín, mo ṣàlàyé oòrùn. Ẹsẹ ìkẹyìn, mo kàn ní kẹ́ ẹ há a sórí ni. Mi ò ṣàlàyé rẹ̀ rí, fún kíláàsì kankan. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi." Ó mí kanlẹ̀. "Báwo lo ṣe máa kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí mi ò kọ́ ọ? Dìde, ọmọ mi. Ìyá rẹ ní ẹ̀rù ló ń bà mí, mo ní kò mọ ohun tó ń sọ. Ó mọ̀ ọ́n."

Morọ́lá kò dìde. Bàbá fi ọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ọmọkùnrin yìí?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

"Ìwọ ńkọ́?" bàbá yíjú sí Dọ̀tun.

Gbogbo Yorùbá tí Dọ̀tun ti kó jọ láti oṣù mélòó kan fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Wallahi, Baba," ó wí, "ina son ta. Ina son ta sosai."

Ọdún márùndínláàádọ́ta ni bàbá ti gbé Zaria. Ó gbọ́ pé ọkùnrin náà ní òun fẹ́ràn ọmọ òun gidigidi, ó sì bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọn ò tíì gbọ́ nílé náà láti ọjọ́ tó pé àádọ́rin ọdún. Ìyá Morọ́lá sáré jáde láti yàrá.

"Ẹni tó fẹ́ ru ẹ̀bi ọmọ mi kí n má bàa bá a wí," bàbá wí, "kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ wo ni àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"

"Gobe," Dọ̀tun dáhùn.

"Kò ní jẹ́ ọ̀la," ìyá wí. "Ẹ fún mi láyè kí n lọ sọ́jà. Sátidé tó ń bọ̀."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Morọ́lá sin Dọ̀tun dé ẹ̀bá títì. Àwọn aládùúgbò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, Morọ́lá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wọn.

"Kí ló dé tó o fi purọ́ nítorí mi?" ó bi í.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti òní lọ, tí mo bá ṣẹ̀, èmi ni màá jẹ́wọ́ rẹ̀. Má dá ru ẹ̀bi mi."

Dọ̀tun ronú sí i. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Hausa, ó tún un rò, ó sì wá Yorùbá rẹ̀ rí. "Mi ò ní dá a rù," ó wí. "Ká jọ máa rù ú títí a ó fi dàgbà. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà," Morọ́lá wí.